Wọ́n Ní Mo Ba Ọmọ Mi Jẹ́ Lójú Scout

Ìyà, Alàájì Ọláníyan, ìyà ni, ìyà ló lé mi jáde ní Martindale, òdìkejì Calgary, tí mo fi wa mọ́tò wá bá yín ní Mahogany nínú snow April yìí, ìyà tí Mọ̀nsúrát fi ń jẹ mí nínú ilé èmi fúnra mi! Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó jẹun? Cereal ni mo jẹ lánàá, cereal ni mo jẹ láàárọ̀ yìí, èmi Yẹ̀kínì, tí ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n so yìgì mi! Obìnrin yìí se ọbẹ̀, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé, ó ní ẹni tó bá ba ọmọ òun jẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò. Muideen, ọmọ tí mo bí, ń gba iwájú mi kọjá bí ẹni tó ń gba iwájú fridge kọjá. Bilqis, àbúrò ẹ̀, èyí tí mo rò pé ó máa ṣàánú mi, ó ní, “Daddy, you literally ended his career.” Career wo? Career tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni mo parí?

Ẹ ní kí n jókòó? Mo ti jókòó. Ẹ ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni? Ẹ fara balẹ̀, tèmi nìkan tó dá ẹjọ́ yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìyẹn ni mo fi sáré wá kí Mọ̀nsúrát tó débí, torí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹ mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará ibí, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ o, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, tí wọ́n ń kọ lu ara wọn bí àgbò. Muideen ni quarterback yunifásítì ẹ̀. Quarterback ni ọ̀gá wọn nínú pápá: òun ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún, òun ló ń sọ pé ìwọ lọ síbí, ìwọ lọ sọ́hùn-ún, tó sì gbọ́dọ̀ jù ú fún ẹni tí àyè bá gbà kí àwọn òmìrán kan tó wó lù ú. Ọ̀túnla, ọjọ́ Tuesday, ni draft, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣe iṣẹ́ jẹun máa ṣa àwọn tí wọ́n fẹ́ nínú àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹni tí wọ́n bá ṣà, ó ríṣẹ́. Ẹni tí wọn ò bá ṣà, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní warehouse lẹ́gbẹ̀ẹ́ airport, ká jọ máa gbé àpótí.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń mọ èyí tí wọ́n máa ṣà? Ẹ gbọ́ ohun tójú ń rí. Wọ́n wọn gíga ọmọ mi. Wọ́n wọn àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Wọ́n ní kó sáré, kó fò, kó ju bọ́ọ̀lù títí apá ẹ̀ fi ń gbọ̀n. Wọ́n jókòó ti fídíò ẹ̀, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń tún un wò, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n tiẹ̀ ń wò jù, wọ́n ní ẹsẹ̀ quarterback ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà á. Mo ní subhanallah, bí a ṣe ń yẹ ẹran Iléyá wò nìyí! A máa la ẹnu ẹ̀, a máa wo eyín, a máa tẹ ìbàdí ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n, Alàájì, gbogbo àgbò tẹ́ ẹ ti rà láyé yín, ṣé ẹ lọ bá bàbá ìkankan nínú wọn rí pé irú ọmọ wo lo bí?

Èmi ni wọ́n pè!

Ẹgbẹ́ kan ní ìlà-oòrùn Kánádà ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni pé ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló fẹ́ ẹ bíi quarterback. Àwọn yòókù ní apá ẹ̀ dáa, orí ẹ̀ pé, àmọ́ kó yáa wá máa sáré gba bọ́ọ̀lù, torí ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn ń fi sípò yẹn, ọmọ Kánádà kì í sábà rí i gbà. Muideen ní òun ò ní sáré gba nǹkan kan, òun ló ń jù, wọ́n lè mú un, wọ́n lè fi í sílẹ̀. Ẹ rí agídí? Mi ò mọ ibi tó ti rí i.

Ọjọ́bọ̀ ni scout wọn pè mí, ọkùnrin tó ń kiri wá ọmọ fún wọn. À ń bọ̀ láti McKenzie Towne, mò ń wa mọ́tò, gbogbo ìdílé ló wà níbẹ̀, ohùn ọkùnrin náà ń jáde láti inú speaker mọ́tò, kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Ó kí mi dáadáa. Ó ní fídíò Muideen ti tẹ́ àwọn lọ́rùn, ìwà ló kù tí àwọn fẹ́ mọ̀, òun sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ọmọ bíi bàbá ẹ̀. Ó ní, “Tell me about your son.”

Alàájì, ẹ̀yin náà ẹ bímọ. Bí àlejò tẹ́ ẹ ò rí rí bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ọmọ yín, kí lẹ máa sọ? Ṣé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé ọmọ mi ò lẹ́gbẹ́, ọmọ mi gbọ́n ju gbogbo ọmọ lọ? Ta ló tọ́ wa bẹ́ẹ̀? Ṣé ayé ò létí ni? Mo fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, mo ní, “That one? We are just begging God for him.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn! Bàbá mi sọ ọ́ nípa mi, bàbá ẹ̀ náà sọ ọ́ nípa ẹ̀. Ìwọ á rẹ ọmọ ẹ sílẹ̀, ẹni tó bi ẹ́ á gbé e sókè, á ní, “Ah-ah, bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ dáadáa ni, gbogbo wa la ń rí i.” Ìwọ á ní Ọlọ́run ni, ẹ ṣé. Ó parí! O ò yin ọmọ ẹ, wọ́n sì ti bá ẹ yìn ín. Mo bá dákẹ́, mo ń retí. Ọkùnrin yìí ò gbé nǹkan kan! Ó ní, “I see.”

Mo rò pé kò gbọ́ dáadáa ni, ọ̀nà Deerfoot ń pariwo. Mo bá bù kún un kó lè rí ibi dì mú. Ó ní ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ kára? Mo ní, “Muideen? Ordinary to wash plate is war.” Mo dúró dè é. Kò gbé e. Ó ní ṣé ó máa ń gbọ́ tí coach bá sọ̀rọ̀? Mo ní, “Who? That boy has coconut head.” Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, kó lè mọ̀ pé ó ti kàn án. Ẹ gbọ́ o, ohun tí mò ń gbọ́ ni kọ́-kọ́-kọ́, kọ́-kọ́-kọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà! Mọ̀nsúrát ń gún mi níhàá, mo rò pé torí eré tí mò ń sá ló ṣe ń bá mi wí, mo bá rọra.

Ó wá ní tí nǹkan bá le, tí wọ́n bá ń na ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú pápá, báwo ló ṣe máa ń ṣe? Mo wò ó pé mo ti rẹ ọmọ yìí sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá lójú àánú gbọ́dọ̀ gbé e wàyí. Mo ní, “Sir, even me, I am tired of him.” Wallahi, ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò ní ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ?

Ó ní, “I really appreciate your honesty, sir.” Ó pa fóònù.

Honesty! Èmi ń ṣe ọmọlúàbí, òun ń pè é ní honesty! Mọ̀nsúrát figbe ta nínú mọ́tò, ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, ó ní èmi já ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ mi dà sójú títì. Ó ní láti ọjọ́ tí Muideen ti ń gbégbá orókè, ọmọ bàbá ẹ̀ ni, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí bàbá jẹ́rìí, ó di ọmọ ìyá ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ìyẹn tún ṣeé gbọ́. Muideen fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, òun ló dùn mí jù, Alàájì. Kó pariwo! Kó bi mí pé Daddy, why? Ó kàn fa hoodie borí, ó ń wo ìta, títí a fi délé. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ẹ ní kí ni? Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn? Ẹ̀yin náà! Pé mi ò yìn ín, ṣé ìyẹn ni pé mi ò mọ̀ ọ́n? Ẹ gbọ́, kó mọ láàárín wa. Ọjọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ jọ láti dán wọn wò, Ramadan ni, láti sààrì ni omi ò ti kan ẹnu ẹ̀, ó jù ú, ó sáré, kò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn mọ̀. Èmi ni mo wa mọ́tò gbé e lọ. Ẹ ò rí bó ṣe ń jù ú! Á kọjú sósì, gbogbo wọn á ya sósì, bọ́ọ̀lù á ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Ìdíje tó kẹ́yìn ńkọ́? Snow ń bọ́, bọ́ọ̀lù tí wọn ì bá fi borí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan, wọ́n pàdánù, gbogbo èèyàn ń bú ọmọ náà. Muideen lọ gbé e dìde nílẹ̀, ó ń sọ fún coach pé òun lòun jù ú ga jù. Irọ́ ni! Kò jù ú ga! Ó ṣojú mi kòró, àyà gan-an ni bọ́ọ̀lù ti bá ọmọ yẹn! Inú mọ́tò ni mo ti lọ sunkún, mo sọ fún Mọ̀nsúrát pé catarrh ni.

Ṣé ìyẹn ni ó yẹ kí n máa kó síta fún àlejò? Kí ojú burúkú wọ ọmọ mi lápá?

Ó dáa. Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyí. Bàbá ni mí, mi ò lè yìn ín, ẹ̀yin lè yìn ín. Mo ní nọ́mbà scout yẹn níbí. Ẹ pè é lónìí, ẹ ní àgbà ìlú wa ni yín, ẹ ní bàbá ọmọ ti sọ ti bàbá, ẹ̀yin fẹ́ sọ ti aráàlú. Ẹ gbé ọmọ yìí sókè, Alàájì, ọ̀túnla ni draft.

Kí lẹ ń wo ilẹ̀ fún?

Ó ti pè yín? Ìgbà wo? Lánàá! Muideen ló fún un ní nọ́mbà yín? Alhamdulillah! Ọmọ tó gbọ́n! Ẹ ò ṣe tètè sọ, ẹ jẹ́ kí n máa pariwo bí wèrè. Kí lẹ wá wí fún un?

Alàájì. Kí lẹ wí fún un?

Ẹ ní “only God can help us with that boy”? Ẹ̀yin! Ẹ tún ní kì í kí èèyàn? Muideen? Tó ń wá kó snow lẹ́nu ọ̀nà yín láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn yín? Kí ló ṣe yín? Ta ló ní kẹ́ ẹ rẹ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀? Èmi ni mo ni rírẹ̀sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni gbígbésókè! Ẹni tí kò bí i ló máa ń—

Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ.

Ẹ ní ọmọ ọlọ́mọ kọ́. Ẹ ní ọmọ yín ni, báwo lẹ ṣe fẹ́ máa yin ọmọ yín fún àlejò.

Alàájì, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ ṣé. Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ẹ ti pa wá, àmọ́ ẹ ṣé. Ẹ̀yin náà sì dúró, àbí? Ẹ ń retí kó ní ẹ má sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló wá sọ? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà! Ha! Ha-ha-ha! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín jàre, ó ti pẹ́. Àgbà méjì, pẹ̀lú ewú lágbọ̀n, a jókòó sí Calgary, à ń dúró de òyìnbó kó wá bá wa yin ọmọ wa!

Rárá, ẹ má pè é. Tẹ́ ẹ bá tún pè é, ojú á tún tì yín, ẹ tún máa bà á jẹ́ sí i. Èmi ni n ó pè é. Bí ojú ayé bá fẹ́ wò ó, kó wò ó, Ọlọ́run tó fún mi lọ́mọ ló ń ṣọ́ ọ. Ó ń dún. Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Hello? Hello, sir, this is Muideen’s father. No sir, no problem. I want to tell you about my son. You have what? Ten minutes? Ah, sir. Ten minutes ò lè tó Muideen.