Orúkọ Ìyá Tí Mo Fún Gógó

Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí màmá mi ti gbé ìpè mi gbẹ̀yìn. Bí mo bá pè, fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Bí mo bá fi nọ́ńbà ẹlòmíràn pè é, kété tó bá ti gbọ́ ohùn mi ló máa ní, "Ìyá ẹ wà ní yàrá kejì, òun ni kó o pè," á sì gé e. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè rò ó fún. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, mo sì rò pé ibẹ̀ náà ló máa parí sí.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Màmá mi ni ìyáálé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi mú Àǹtí Bọ́sẹ̀dé wọlé, Àǹtí ò sì bímọ títí di òní. Màmá mi kì í bá a jà o, ó kàn máa ń ṣọ́ ọ ni. Bí Àǹtí bá bu oúnjẹ fún wa, màmá mi á ní a ti yó. Bí Àǹtí bá fọwọ́ kàn mí lórí, màmá mi á fi ọṣẹ fọ orí náà kí n tó sùn. Ìkìlọ̀ méjì ni mo gbọ́ dàgbà: mi ò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ dáadáa, mi ò sì gbọdọ̀ sọ orúkọ ìyá mi fún ẹni tó bá ń wádìí rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èèyàn ní ibi nílé wa, orúkọ ìyá onítọ̀hún ló máa ń wá, kì í ṣe ti bàbá. Orúkọ màmá mi gan-an, ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ ò rí i pé àìsàn ìfura náà ò tíì fi mí sílẹ̀ tán!

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, wọ́n yàn mí pé kí n lọ fi sáà kan kẹ́kọ̀ọ́ ní Johannesburg. Ẹ̀kọ́ nípa ètò ìlú ni mò ń kọ́: ibi tó yẹ kí ọ̀nà gbà, ibi tó yẹ kí ọjà àti ilé wà. Ìlú wo ló tún dára tó ìyẹn fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ mi ní kí n má kàn jókòó sí kíláàsì, kí n máa fẹsẹ̀ rìn, kí n máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ gan-an ni fídíò bí wọ́n ṣe ń lé àjèjì níbẹ̀, tí wọ́n ń jó ṣọ́ọ̀bù wọn, ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn. Màmá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó fà mí létí bí ọmọ kékeré, ó tún ìkìlọ̀ méjèèjì sọ sínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin Soweto kan tó ń jẹ́ Thandi ni wọ́n fi mí sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní họ́sítẹ́lì. Ọmọ gíga ni, ẹ̀rín ò jìnnà sí i lẹ́nu. Kí n tó dé, ó ti fi aṣọ tirẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bó ṣe jáde báyìí ni mo ká aṣọ náà, mo gbọn ìrọ̀rí wò bóyá ó fi nǹkan sí i. Ó bu búrẹ́dì fún mi, mo ní mo ti jẹun, mo wá lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù, mo ń mu gààrí. Bó bá bi mí pé ìgbà wo ni mo máa dé láti kíláàsì, màá rò ó pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bó bá yà mí ní fọ́tò, màá fọwọ́ bojú. Bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi Zulu sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà, ó dá mi lójú. Sátidé kọ̀ọ̀kan ló ń pè mí ká jọ lọ wo eré ní Newtown, kò sì jìnnà sí wa rárá. "Eish, sisi," á ní, "ìlú yìí kì í jẹ èèyàn o!" Orí fọ́ mi ní gbogbo Sátidé oṣù mẹ́rin.

Ohun tó burú jù ni ti Alexandra, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan ní ìlú náà. Iṣẹ́ kan ni wọ́n fún èmi àti Thandi, pé ká lọ wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, ká sì yà á sórí ìwé. Thandi nìkan ló wọ táàsì lọ. Èmi jókòó sí yàrá, mo wo àwòrán lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo yà á. Olùkọ́ wo ohun tí mo yà, ó bi mí bóyá mo dé ibẹ̀. Ojú tì mí, mo ká ìwé náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo rékọjá òkun láti lọ wo ìlú, bẹ́ẹ̀dì mi ni mo mọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Soweto. Ọjọ́ ìbí Thandi ni, ọjọ́ Àìkú, àwáwí ti tán lẹ́nu mi. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, Gógó ni gbogbo wọn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí màmá náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó tẹjú mọ́ mi, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Thandi túmọ̀ rẹ̀: "Gógó ní ta ni ìyá ẹ? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Kò béèrè ìlú mi. Kò béèrè bàbá mi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí tábìlì kan tí abẹ́rẹ́, òwú, aṣọ dúdú àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú agolo wà lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa rò? Mo lanu, mo ní, "Bọ́sẹ̀dé." Mo ti ní màá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán: orúkọ náà ò ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi. Mo rò ó. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ ibi ni, kó yáa lọ bá Àǹtí. Thandi kọ ọ́ sórí ìwé, Gógó ká ìwé náà, ó fi há àyà. Ṣàkì tí wọ́n bù fún mi, inú ọ̀rá ni mo dà á sí, mo sọ ọ́ nù lọ́nà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ nílé, Thandi gbé ẹrù kan wá, wọ́n fi aṣọ funfun rán an pa yípo. Ó ní Gógó ní kí n gbé e fún màmá mi, kí n má ṣí i, màmá mi ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Háà! Aṣọ funfun? Kí n má ṣí i? Mo dúpẹ́, mo gbé e, mo gba ilé Màmá Tóbi lọ tààrà. Ìyàwó dókítà kan ni, ọmọ Èkìtì, pálọ̀ rẹ̀ ni àwa ọmọ Yorùbá ti máa ń gbàdúrà lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kó bá mi jù ú nù, kó má ṣí i rárá.

"Ṣé o serious ni? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ ṣáà bá mi jù ú nù."

Kò jù ú nù. Lẹ́yìn tí mo lọ tán, ó ṣí i. Aṣọ ìbora ni, èyí tó nípọn tí àwọn àgbà obìnrin ibẹ̀ máa ń dà sí èjìká lọ́jọ́ ayẹyẹ. Gógó fi ìlẹ̀kẹ̀ rán etí rẹ̀ yí ká, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun to orúkọ sí àárín rẹ̀: MAMA BOSEDE. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí Thandi bá a kọ: "Ọmọ yín ló sọ orúkọ yín fún mi. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọmọ yín yá wa." Màmá Tóbi rò pé ẹ̀rù àwọn aṣọ́bodè ló bà mí. Nígbà tó ń bọ̀ wá ṣe Kérésì nílé, ó pè mí pé òun fẹ́ yà kí màmá mi, kò mẹ́nu kan ẹrù náà, mo júwe ilé fún un. Mo wà ní iléèwé lọ́jọ́ náà. Màmá mi ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Bọ́sẹ̀dé?"

Màmá Tóbi fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ń bẹ̀ mí pé òun ò mọ̀. Ó ní màmá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé aṣọ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí, ó jù ú sílẹ̀. "Ẹrù ẹ rèé. Ọmọ ẹ ló fi ránṣẹ́."

Àǹtí pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Fún ìgbà pípẹ́, ẹkún nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, kò sẹ́ni tó pè mí ní màmá rí." Ní báyìí, aṣọ Gógó ló ń dà sí èjìká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú oòrùn! Ìdájí kọ̀ọ̀kan ló ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Èmi tí mo fi orúkọ rẹ̀ lé ibi lọ́wọ́!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Bí mo bá sọ òtítọ́, màmá mi á mọ̀ pé òun ni mò ń dáàbò bò, á sì dárí jì mí lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ báwo ni màá ṣe sọ ọ́ tí Àǹtí ò ní gbọ́, nínú ilé kan náà? Ṣé kí n bọ́ aṣọ yẹn lára rẹ̀ ni? Bí mo bá sì dákẹ́, màmá tó gbààwẹ̀ nítorí mi ni mo fẹ́ pàdánù yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ sí ìlú òkèèrè, ẹ fọgbọ́n rìn, mi ò ní kí ẹ máà ṣọ́ra. Àmọ́ ẹ jẹun díẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ wo eré ní Sátidé.

Àǹtí tún pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní, "Ìyá àgbà tó ṣe aṣọ yìí, kí lorúkọ ẹ̀? Mo fẹ́ máa dárúkọ ẹ̀ nínú àdúrà." Mo ní kó dúró ná. Mo rò ó títí. Gógó nìkan ni mo mọ̀. Mi ò bi í léèrè rí.