Ọ̀rọ̀ Agya Kwabena Tó Há Sínú Laptop Mi

Ẹ bá mi kí Jésù o! Ẹ tún un kí, torí ẹni tó yẹ kó máa sunkún ló ń rẹ́rìn-ín níwájú yín yìí. Nyame ye, Ọlọ́run dára!

Èmi Sister Rónkẹ́, ìwé ìsìnkú ni mò ń tẹ̀ ní Adum. Ẹ mọ Kumasi wa, a kì í sin àgbà láìsí ìwé tó ní fọ́tò àti ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Agya Kwabena kú, bàbá jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń sọ ìtàn ìyàwó wọn, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, stroke kọlu bàbá. Ẹnu wọn wọ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, inú laptop mi nìkan ló wà.

Ẹ wá gbọ́ ìwà mi. Lọ́jọ́rú, pásítọ̀ ní ká gbé irinṣẹ́ wa wá, wọ́n fi òróró kan ìdérí laptop mi. Èmi ní eléyìí kéré. Mo délé, mo ṣí i, mo fi òróró kan bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, "Ní orúkọ Jésù! Ní orúkọ Jésù!" Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o!

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tan laptop, ojú búlúù kan ló yọ, òyìnbó wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Mo fi agbára pa á, mo tún tàn án, ojú búlúù náà ni. Sátidé sì ni ìsìnkú! Technician kan ní Kejetia ní àfi kóun nu gbogbo inú rẹ̀ dànù. Ẹ̀rù bà mí, inú mi bàjẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, kì í ṣe nítorí tèmi. Bàbá yìí ò lẹ́nu mọ́." N kò tíì ṣe àmín tí Hajia Mèmúnà fi sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tún ṣe ní Moshie Zongo.

Hajia ní "Bismillah," wọ́n wo kíbọ́ọ̀dù. "Haba, Rónkẹ́! Ṣé o fẹ́ dín in ni?" Bọ́tìnì F2 ti wọlé, kò jáde mọ́. Wọ́n ní téèyàn bá ti tẹ F2 bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tàn, ibi ètò inú rẹ̀, ojú búlúù yẹn, ló máa ń ṣí. "Kò kú rárá. Òróró rẹ ló ń tẹ̀ ẹ́."

Ojú tì mí! Wọ́n fi òwú àti spirit nù ún. Ó tàn, ló bá tún dúró lágbedeméjì, nítorí bí mo ṣe ń fi agbára pa á. Hajia tún un tàn, wọ́n ń tẹ F8 léraléra, wọ́n ní ìyẹn á jẹ́ kó fi ẹrù fúyẹ́ dìde. Èmi ń pe Jésù, àwọn ń pe Allah. Áà! Fáìlì mi yọ! Ìtàn bàbá wà níbẹ̀ pé pérépéré.

Ní Sátidé, níbi ìsìnkú, Abena ọmọ wọn kà á sókè nínú ìwé tí mo tẹ̀. Ó dé ibi tí bàbá ti sọ pé ọbẹ̀ ẹ̀pà àkọ́kọ́ tí ìyàwó wọn sè kò ní iyọ̀, síbẹ̀ àwọn lá abọ́ mọ́. Ẹ̀yin ará, Agya Kwabena bú sẹ́rìn-ín! Ẹnu tó wọ́ yẹn! Ohùn àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí àìsàn dé nìyẹn.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí bàbá rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ìyàwó wọn, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀!