Ọjọ́ Méjì Tí N Kò Wọ́n Omi sí Páìpù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá ló ní kí n sọ ọ́, torí orí mi ti dàrú.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Port Harcourt ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti wà lápọ́n. Nígbà yẹn, mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páìpù kọnkéré nítòsí Amadi-Ama. Páìpù ńlá ni, èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ láì tẹ̀ríba. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná kan ló fẹ́ rà wọ́n, kí omi odò lè máa gba inú wọn lọ mú àwọn ẹ̀rọ wọn tutù.

Àáfà Múfútáù, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìlọrin, ló ń po kọnkéré. Èmi ni mo ń wọ́n omi. Bí páìpù bá ti dúró, a ó fi àpò wé e, èmi ó sì máa rin àpò náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Bí kọnkéré bá yára gbẹ, ó máa ń sán.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń ṣe mí. Mo rí ọmọge kan ní Borokiri, bàbá rẹ̀ sì ní kí n wá kí òun. Ọyẹ́ mú burúkú lọ́sẹ̀ yẹn. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi bá bàbá ìyàwó jẹ ẹja ní Borokiri. Nígbà tí mo padà, àpò ara páìpù mẹ́ta ti gbẹ háúháú. Mo sáré da omi lé wọn. Nígbà tí ọ̀gá máa fi kọjá, wọ́n ti tutù rinrin.

Nígbà tí wọ́n fi omi dán páìpù wò, àwọn mẹ́ta yẹn ló ń jò. Ọ̀gá pariwo, "Who mix dis one?"

Àáfà ní, "Oga, na me."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Mo dúró níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà yìí kan náà ló wá so yìgì èmi àti ọmọ Borokiri náà. Ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Elelenwo báyìí, àmọ́ àwọn tó gbọ́ ìtàn náà kì í ra búlọ́ọ̀kù rẹ̀. "Alfa Leaking" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, á sì máa dá wọn lóhùn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó wá sílé mi, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá Sàídì, ìwọ nìkan ni o kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Mo bu omi sí kọnkéré ọjọ́ yẹn jù, kó lè rọrùn fún mi láti pò. Èmi ni mo ba páìpù wọ̀nyẹn jẹ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú jámáà ní mọ́ṣáláṣí. Kí o dúró tì mí."

Àmín ni mo ṣe. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe àmín.

Òun bu omi jù, èmi kò wọ́n omi. Ta ló wá ba páìpù jẹ́ nínú wa? Ó lè jẹ́ òun, kí èmi máa da ara mi láàmú lásán. Ó sì lè jẹ́ pé kò bu omi jù rárá, pé ẹ̀gàn ogún ọdún ló jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè máà bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí gan-an.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí Àáfà tó dìde láàárín jámáà, kí ni kí n ṣe?