Ìlà Kan Tí Mo Yí Lórí Ẹ̀rọ Afínjú

Ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi. Mi ò lè fi irọ́ fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ lónìí.

Púpọ̀ nínú yín ò mọ Afínjú. Àbúrò wa lẹ́nu iṣẹ́ ni, tábìlì rẹ̀ ló mọ́ jù ní yàrá yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ eré àgbá tó ń yí. Mágínẹ́ẹ̀tì ara àgbá á kọjá, iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ á dé inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí ka àkókò. Tí iná bá tún dé lẹ́ẹ̀kejì, kíkà parí, àgbá ti yí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Kò pé ọdún kan tó fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọ̀gá á rékọjá tábìlì mi, á lọ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Mo jowú, ẹ jẹ́ n má purọ́. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ tó ṣe, ó jáde lọ mumi. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo yí ìlà kan péré nínú àṣẹ tó kọ fún ẹ̀rọ: mo ní kí kíkà parí nígbà tí iná àkọ́kọ́ bá lọ, kó má dúró de èyí tó ń bọ̀. Àkókò bá kúrú. Àgbá tó rọra ń yí, ẹ̀rọ ní eré àsápajúdé ló ń sá. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ. Bí Afínjú ṣe ń sin wọ́n jáde ni mo dá ìlà náà padà.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nírọ̀lẹ́, ó fa àga sún mọ́ mi, ó ní òun ti wò ó látòkè délẹ̀, òun ò rí àṣìṣe kankan.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe?”

Mo wo ojú rẹ̀. “Ọwọ́ rẹ ò bá iṣẹ́ yìí mu. Lọ wá nǹkan míì ṣe.”

Kò lò ju ọ̀sẹ̀ náà lọ tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ náà fún mi. Òun náà lẹ torí ẹ̀ ń yẹ́ mi sí yìí. Ọmọ ìyá Afínjú sọ fún mi pé títí dòní, bí bátìrì aago bá kú nílé, ẹlòmíì ló ń bẹ̀ kó bá òun pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owú bá ń jẹ yín, ẹ yáa jẹ́wọ́ fún ẹni tí ẹ ń jowú, kó tó sọ yín di ìkà. Mo pe Afínjú lánàá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́ ju ojú ara mi lọ.”

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.