Ohun Tí Mo Sọ Lójú Ọmọ Onítáyà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ o, ẹ má tíì ní kí n jókòó, ta ló fẹ́ jókòó? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n fi ilé ọtí sílẹ̀? Ẹ ní kí èèyàn máa da ọtí fún ọ̀mùtí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí, ẹ ní tíṣà kan ń lọ bímọ, kí n lọ bá wọn di kíláàsì rẹ̀ mú títí á fi dé. Mo lọ àbí mi ò lọ? Mo fá irùngbọ̀n, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn. Tíṣà adelé, èmi! Inú mi sì dùn, kí n má purọ́.

Baba onítáyà ló bà mí jẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta táyà níkorítá, oníbàárà mi àtijọ́, tó jẹ́ pé orí káńtà mi ló ń sùn sí. Mi ò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tó ń jókòó nídìí fèrèsé, òun ló máa ń nu pátákó fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ìdá ni mo ń kọ́ wọn lọ́sàn-án yìí, ìlàjì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, kò yé wọn, mo bá to ife sórí tábìlì, mo rọ omi sínú ìgò, mo ń dà á níwọ̀n níwọ̀n, ẹ̀kán kan ò ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n mi, ó yé wọn! Wọ́n ń pariwo ìdáhùn kí n tó béèrè! Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí wá mú ọmọ rẹ̀, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ìgò, ó rí ife, ó rí àkísà ìnutábìlì léjìká mi, ó bá fìka ta pàá. “Bámánì! Gbé tèmi wá, má bu omi là á o!”

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Háà! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn! Mo ní “Ó ń bọ̀, ọ̀gá mi!” Ọwọ́ mi ti nu tábìlì, ó ti da omi kún ife, ẹsẹ̀ mi ti gbé e dé iwájú rẹ̀, mo ti tẹrí ba, kí orí mi tó mọ ibi tí mo wà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó gba ife yẹn, ó mu ún, ó ń ṣẹ́jú sí àwọn ọmọ. Ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ ò gbọ́ bí? Kí ni mo fi ṣe é? Èmi tí mo máa ń bu omi là á fún un tó bá ti yó, kó lè délé láàyè!

Rárá o, kò tíì tán. Ì bá tán síbẹ̀, mi ò ní sáré wá bá yín báyìí.

Mo la ẹnu. Mo ní, “Baba, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ tọ̀ sára lórí àga mi, tí mo gbé yín sínú takisí bí ọmọ ọwọ́, tẹ́ ẹ̀ ń sunkún pé kí ọmọ yín má gbọ́?” Lójú ọmọ ọ̀hún! Olúwa ló gbọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nídìí káńtà ni pé ohun tí ọ̀mùtí bá sọ, ibẹ̀ ló ń kú sí. Gbogbo ọdún tí mo fi ta ọtí, mi ò tú àṣírí ẹnì kankan. Ìgbà tí mo di tíṣà ni mo wá tú u!

 Ọkùnrin yẹn rọra gbé ife kalẹ̀. Àmọ́ ọmọ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, ó dorí kodò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dimú. Ojú tì mí, ojú tì mí dé egungun.

Kí lẹ wí? Kí n lọ bẹ baba rẹ̀? N ó bẹ̀ ẹ́ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ fín mi níràn! Òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo tún wí!

Wọn ò lé mi, ohun tó tún burú jù nìyẹn. Ọ̀gá iléèwé gbọ́ ariwo, ó wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ yẹn ló dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, “Mà, ìdá ni tíṣà wa ń kọ́ wa, ó sì yé wa.” Ó bá jókòó. Ọmọ tí mo dójú tì ló bò mí láṣìírí! Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ síbẹ̀, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, ojú wo ni n ó fi wò ó tí mo bá pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wí nǹkan kan!