Omi Búútà Ìyá Ràbì àti Èékánná Mi

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé mo lè na ọwọ́ yìí sókè níwájú yín láì fi í pamọ́ sínú àpò.

Kúùkù ni mí ní GRA. Nígbà òjò tó kọjá, làpálàpá yọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, róbótó bí ẹnu ife. Kò pẹ́, èékánná ẹsẹ̀ mi pọ́n, ó nípọn, ó ń rún. Ó dé ìka ọwọ́. Ta ni yóò jẹ oúnjẹ kúùkù tí èékánná rẹ̀ ń jẹrà? Bí ọ̀gá mi bá rí i, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Ní Ṣàngó tí mò ń gbé, Ìyá Ràbì ni aládùúgbò mi. Láràárọ̀, tó bá ṣe àlùwàlá tán, ó máa ń da omi tó kù nínú búútà sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀? Tó bá kí mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo tún rò pé ó ti fi nǹkan sínú sálúbàtà tí mo máa ń bọ́ síta. Mo dáná sun ún! Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń ro ọgbà ẹ̀fọ́ mi nínú ilẹ̀ tútù. Ó sì ń burú sí i.

Mo gbé orúkọ rẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ aládùúrà wa. Ẹ rántí, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ràbì fúnra rẹ̀ pè mí.

“Bàbá Dèbórà, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yẹn.”

“Ọwọ́ wo?”

“Èyí tí ẹ ń gbé pamọ́ bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò! Wàláhì, irú rẹ̀ ló mú bàbá Ràbì lóko. Ẹ lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ sì wá bàtà wọ̀, àbí ẹsẹ̀ yín ti dọkọ́ ni?”

Mo ní lọ́kàn mi pé, báwo ló ṣe mọ̀? Mo lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọsibítù tó júwe. Dókítà ha èékánná mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní nǹkan tó jọ èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu ni, pé inú ilẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń wọ awọ àti èékánná ènìyàn. Ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹ máa ń wọ bàtà lọ́gbà?” Mo fa ẹsẹ̀ mi sábẹ́ àga.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo oògùn tó fún mi kí n tó gbé hóró kan mì. Oṣù púpọ̀ ni mo fi lò ó. Èékánná tuntun ti hù, ẹ wò ó! Iṣẹ́ mi ò bọ́.

Omi búútà ńkọ́? Efinrin tó gbìn sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa ló ń bomi rin. Èmi náà ti ń já a sọ́bẹ̀ tipẹ́!

Mo ṣì ń gbọn bàtà mi kí n tó wọ̀ ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aládùúrà, mo wá gba orúkọ tí mo fún yín padà. Bí a bá máa dárúkọ ìyá yẹn lónìí, kó jẹ́ fún ìbùkún. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, kí gbogbo ògo jẹ́ ti Ọlọ́run tó wo ọwọ́ mi sàn, tí kò sì jẹ́ kí àdúrà tí mo gbà lòdì sí ìyá náà ṣẹ!