Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Wáyà Dá Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di apààyàn. Ẹ má wojú ara yín, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni mo sọ yẹn. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé ẹ̀rí yìí pamọ́, ojú ló ń tì mí. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rú tó kọjá tí eṣú ti bo ojú ọ̀run mọ́ wa lórí, mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní Bùrọ́dà Jóṣúà ti kó irinṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ fún aládùúgbò, pé kí ni èèyàn tún ń kan àga fún nígbà tí ayé ti parí. Wọ́n ní àwọn mìíràn ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé akọ̀wé wáyà ni mí ní rélùwéè, ẹni tó ń fi ìró ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti téṣàn dé téṣàn. Nígbà yẹn, téṣàn kékeré kan lójú ọ̀nà Mushin ni mo wà. Ojú irin kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀, orí ẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi wáyà bi téṣàn iwájú bóyá ọ̀nà ṣófo. Bí wọ́n bá ní ó ṣófo, màá kọ ìwé, màá buwọ́ lù ú, màá sì fi ọwọ́ ara mi fún dẹ́rẹ́bà. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Láìsí ìwé yẹn, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n èmi, ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù, mo máa ń buwọ́ lu ìwé mẹ́fà, méje sílẹ̀ láàárọ̀ kí iṣẹ́ lè yá.

Àsìkò yẹn, kò tíì pẹ́ tí ogun àwọn òyìnbó parí, àrùn tó tẹ̀lé e sì ti gbé àbúrò mi obìnrin lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni mo ń kà sí àmì òpin. Àrá sán, àmì ni. Àgbébọ̀ adìyẹ kọ bí àkùkọ, àmì ni. Rẹ̀bẹ́kà ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, "Ọkọ mi, ebi tó ń pa mí yìí ńkọ́, ṣé àmì lòun náà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, téṣàn iwájú bi mí bóyá ọ̀nà ṣófo fún ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Mo ní ó ṣófo. Mo mọ̀ pé Rẹ̀bẹ́kà wà nínú ọkọ̀ náà o. Ó ti gbé ọmọ wa, ọmọ oṣù mẹ́ta péré, lọ fi han ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù kan sì wà lọ́dọ̀ mi lórí irin ẹ̀gbẹ́ téṣàn, tó ń dúró kí ti èrò kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ wáyà bẹ̀rẹ̀ sí dún, tàkìtàkì, tàkìtàkì, láìsí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo yọ bátìrì kúrò lára rẹ̀. Jésù! Ó ṣì ń dún! Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì ń sọ̀rọ̀! Mo mú pẹ́ńsù, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bá Yorùbá mu, kò bá Gẹ̀ẹ́sì mu. Mo ní háà, èdè áńgẹ́lì nìyí. Ìpè ìkẹyìn ti dún, wáyà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wa.

Mo fò jáde. Bàbá Lásìsì, àgbà Mùsùlùmí ará Mushin tó ń bá wa yí ojú irin kí ọkọ̀ lè yà sí ẹ̀gbẹ́, bi mí pé, "Akọ̀wé, kí ló dé?"

"Bàbá, ayé ti parí! Ẹ ronú pìwà dà!"

"Ó dáa. Ọkọ̀ èrò ńkọ́?"

Mo ti sáré kọjá lára wọn. Ilé àdúrà wa ò jìnnà síbẹ̀. Mo wọlé, mo gbọn agogo, mo kéde. Àwọn ìyá tó ń múra ọjà Oto sọ ẹrù sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ìyàwó mi ńkọ́. Mo ní a ó pàdé lókè. Tayọ̀tayọ̀ ni mo sọ ọ́ o! Ọlọ́run, dárí jì mí.

Àárín orin la wà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ èrò lókèèrè. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo rántí ọkọ̀ ẹrù. Mo rántí àwọn ìwé tí mo ti buwọ́ lù sórí tábìlì. Eré ni mo sá, ẹ̀yin ará, bàtà mi kan já sọ́nà. Àdúrà mi ò gùn rárá: "Olúwa, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé yẹn."

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ẹrù ti fọwọ́ kàn án. Ìdúró ti sú u, ó wọ ọ́fíìsì, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, ó rí ìwé tí mo buwọ́ lù, ó gbà pé ọ̀nà ti ṣófo. Nígbà tí mo dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń tú èéfín. Ṣùgbọ́n Bàbá Lásìsì jókòó sórí irin níwájú rẹ̀, àsíá pupa lórí itan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Dẹ́rẹ́bà ń pariwo, "Bàbá, ẹ dìde jàre, mo ti ní ìwé!"

"Ta ló fún ẹ?"

"Orí tábìlì ni mo ti mú un."

"Tábìlì ò lọ́wọ́. Ìwé tí akọ̀wé ò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹ, kì í ṣe ìwé. Bó bá wù ẹ́, gbé ọkọ̀ gorí mi."

Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni ọkọ̀ èrò yọ ní kọ́nà. Bàbá dìde, wọ́n gbọn ẹ̀yìn aṣọ wọn, wọ́n kúrò lójú irin. Ọkọ̀ èrò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rí Rẹ̀bẹ́kà lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ ọmọ mú, ó ń fi juwọ́ sí mi. Mo wó lulẹ̀ sórí òkúta, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ru ẹrù ní téṣàn kí wọ́n tó dá mi padà. Òyìnbó kan tó mọ̀ nípa wáyà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oòrùn ló fà á. Ó ní nígbà mìíràn agbára kan máa ń ti ara oòrùn jáde, táá sì kó sí wáyà káàkiri ayé. Mo gbà. Ẹni tó dá oòrùn ni mo ń sìn. Bóyá àmì ni, bóyá kì í ṣe àmì, n ò mọ̀. Eṣú tiwa yìí náà ńkọ́? N ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi tí mò ń retí Olúwa ti sá kúrò níbi tó fi mí sí, ẹni tí mò ń pè ní aláìgbàgbọ́ sì dúró sí tirẹ̀.

Bàbá Lásìsì ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún yẹn. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, àwọn kàn fẹ́ gbọ́ bóyá òótọ́ ni màá sọ. Bàbá, ẹ ṣeun. Ìtùnú, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ọmọ ọjọ́ náà nìyí o, ẹ wò ó bó ṣe ga!

Bùrọ́dà Jóṣúà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba irinṣẹ́ yín padà. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́, ẹ bá mi jó fún Ọba tó gba ọmọ mi là lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Halelúyà! Ṣùgbọ́n bí ìpè bá dún láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má wá mi wá síbí. Ìdí ẹ̀rọ ni Olúwa máa bá mi, pẹ́ńsù á wà lọ́wọ́ mi, n ò sì ní tíì buwọ́ lu ìwé kankan.